Iṣẹ́ Wíwọ́ Kì í Jáde Nílé Wa

"Tú u!"

Bàbá kò gbójú sókè kúrò lára aṣọ tó ń gé tó fi sọ ọ́. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó na ṣòkòtò oníbàárà sí i dúró, ó ń ki ìka bọ ìka. Etí ṣòkòtò náà wọ́ díẹ̀. Ẹni tí kì í bá ṣe télọ̀, bó wò ó títí di ọ̀la, kò lè rí i.

"Ó ku díẹ̀ báyìí kó gún, ọ̀gá."

"Díẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fi ń mọ aláìmọṣẹ́. Gbé e wá ńbí."

Bàbá gba ṣòkòtò náà, ó tú u, ó jókòó ti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, kí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sì tó mí kanlẹ̀, ó ti ran án tán. Ó gbọ̀n ọ́n, ó fi kọ́ ẹ̀yìn àga. "Iṣẹ́ wíwọ́ kì í jáde nílé yìí. Ṣé ẹ gbọ́?"

"A gbọ́ o," ni gbogbo ilé dáhùn, bí ẹni tó ń ṣàmín.

Ẹ̀gbọ́n náà dáhùn láti igun tirẹ̀. Òun ni àkọ́bí ilé, Ẹ̀gbọ́n sì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Àní àwọn oníbàárà tó lè bí ìyá rẹ̀ lọ́mọ pàápàá, Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní kíláàsì àṣekágbá nílé ẹ̀kọ́ girama. Yàrá iwájú tí Bàbá fi ṣe ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kàwé. Àárín tábìlì ìgéṣọ àti ògiri ni àyè Ẹ̀gbọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mú áyọ́ọ̀nù, Ẹ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè. Bí wọ́n bá fẹ́ dá a padà, á tún gbé ẹsẹ̀ sókè. Aṣọ oníbàárà rọ̀ sórí okùn lókè orí rẹ̀. Bó bá dìde lójijì, apá ẹ̀wù ẹni ẹlẹ́ni á gbá a létí.

Àbúrò rẹ̀ ló jókòó tì í yẹn, ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Bíńtín nítorí pé ara rẹ̀ kéré. Iṣẹ́ àṣetiléwá wà níwájú Bíńtín, pẹ́ńsù wà lẹ́nu rẹ̀, ojú rẹ̀ sì wà lára aláǹgbá tó ń gun ògiri.

Màmá kò sí nílé. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sán ló máa ń lọ, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó dé, tòun ti ìyẹ̀fun lápá. Bí iṣẹ́ àṣetiléwá Bíńtín ṣe di ẹrù Ẹ̀gbọ́n nìyẹn. Bàbá sì ti là á mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ tí Bíńtín gbé iṣẹ́ tí tíṣà fi bírò pupa fagi lé wálé. Ó wò ó bí ẹni wo aṣọ tí áyọ́ọ̀nù jó.

"Pupa? Nínú ilé tèmi?" Ó yíjú sí Ẹ̀gbọ́n. "Ìwọ ni mo fi ṣe ọ̀gá lé e lórí. Bó bá tún wọ́, ìwọ ni mo máa bi."

Ọ̀gá, kẹ̀! Ọ̀gá tí ìdánwò tirẹ̀ ń bọ̀ lọ́nà, tí kò tíì rójú ṣíwé láti àárọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Bíńtín wí lọ́jọ́ tí à ń sọ yìí, "wọ́n ní èèyàn mẹ́rin fẹ́ pín ọsàn méjìléláàádọ́ta. Ṣé wọ́n ti bó ọsàn náà?"

"Kí ló kàn ọ́ pẹ̀lú bíbó?"

"Bí wọ́n bá ti bó o, wọ́n á ti jẹ díẹ̀ níbẹ̀."

Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Bíńtín bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ọwọ́ kà, ìka ọwọ́ tán, ó bọ́ sórí ti ẹsẹ̀, ti ẹsẹ̀ náà tán, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ látorí àtàǹpàkò. Ẹ̀gbọ́n wo ìwé tirẹ̀ tó wà ní pípadé. Ó wo ẹ̀yìn Bàbá tó tẹ̀ sórí ẹ̀rọ. Inú bí i, ó ṣe é bíi pé gbogbo aṣọ orí okùn yẹn fẹ́ wó lù ú mọ́lẹ̀.

"Mú un wá," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ó gba pẹ́ńsù. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ̀wé kọ jù, tíṣà á fura, nítorí náà ó fi ọwọ́ òsì kọ ọ́, kó lè rí játijàti bíi ti ọmọdé. Kó tó di pé Bàbá pààrọ̀ òwú, gbogbo iṣẹ́ ti parí.

"Òní nìkan o," ló wí fún Bíńtín. "Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Òní nìkan, àbí? Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lọ́jọ́ kejì, Bíńtín fúnra rẹ̀ ló ti pẹ́ńsù síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó yá, kò tiẹ̀ ka ìbéèrè mọ́; á jókòó, á máa wo ọwọ́ òsì yẹn bó ṣe ń sáré lórí ìwé. Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ọmọ burúkú. Ó rẹ̀ ẹ́ ni, ó sì ń wá àyè. Ẹ wá wò ó o, àyè ọ̀hún wà lóòótọ́: iṣẹ́ Bíńtín ń tètè parí, Ẹ̀gbọ́n ń rí ìwé rẹ̀ kà, bírò pupa sì dágbére fún ilé wọn. Bàbá ò yé fi Bíńtín yangàn. Bí oníbàárà bá wá gbéṣọ, bó tiẹ̀ ń kánjú lọ, á kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn ọmọ kékeré tí kì í ṣi ìṣirò.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Tíṣà fúnra rẹ̀ yà wá gba síkẹ́ẹ̀tì tó fún Bàbá rán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì wọlé tán tí Bíńtín fi sá sẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n.

"Bàbá Bíńtín, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ yín yìí, kí lẹ ń fún un jẹ?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ojú rẹ̀ fi pa dé. "Tíṣà, ohun tí gbogbo wa ń jẹ náà ni. Iṣẹ́ wíwọ́ kì í jáde nílé wa ni."

"Mo ti fi í ṣe olórí tábìlì rẹ̀. Ẹni tí kò bá yé, òun ni mo ní kó máa ṣàlàyé fún un." Tíṣà ká síkẹ́ẹ̀tì náà, kò sì lọ. "Ohun kan ló ń yà mí lẹ́nu. Bí mo bá ní kó wá ṣe é níwájú mi, á ní inú ń run òun. Ta ló máa ń bá a ṣe é nílé?"

Ẹ̀rọ dákẹ́. Ọwọ́ kékeré Bíńtín di aṣọ rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Ibi tí òtítọ́ ti lè fi wọ́ọ́rọ́wọ́ jáde nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n sì mọ̀. Ó lanu.

"Ojú ló ń tì í," ni Bàbá gbà á sọ. "Kò sẹ́ni tó ń bá a ṣe é, Tíṣà. Orí rẹ̀ ló pé."

Ẹ̀gbọ́n pa ẹnu dé.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Tíṣà wí. "Lọ́jọ́ Ẹtì la máa pe àwọn òbí wá wo ohun tí ọmọ wọn ń kọ́. Bíńtín ló máa kọ́kọ́ jáde sí pátákó."

Tíṣà kò tíì rìn jìnnà tí Bàbá ti yọ téèpù kúrò lọ́rùn. Aṣọ tuntun ni Bíńtín máa wọ̀ lọ, ó parí! "Na apá rẹ. Gbórí sókè. Má mira." Ó fi téèpù yí ọmọ náà láyà, ó fi yí i ní ìbàdí, ó fi yí i lọ́rùn ọwọ́. Bíńtín dúró gbagidi, ó na apá méjèèjì, ojú rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé Ẹ̀gbọ́n káàkiri yàrá. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ gbé ojú tirẹ̀ kúrò.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n pa ìwé tirẹ̀ tì. Ohun tí kò fi sùúrù kọ́ Bíńtín láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, ó fẹ́ rọ ọ́ sí i lórí kó tó di ọjọ́ Ẹtì.

"Ọsàn méjìléláàádọ́ta yẹn, fi mẹ́rin pín márùn-ún tó wà níwájú. Ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan. Mélòó ló ṣẹ́kù?"

"Ọ̀kan."

"Gbé ọ̀kan náà síwájú méjì. Ó di mélòó?"

"Mẹ́ta."

"Ó di méjìlá!"

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan àti méjì, mẹ́ta ni."

"Mo ní ó di méjìlá! Ṣé etí rẹ di ni?"

"Báwo ló ṣe di méjìlá?"

Ẹ̀gbọ́n kò mọ bó ṣe máa ṣàlàyé rẹ̀. Bí wọ́n ṣe kọ́ òun nìyẹn, bó sì ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Nígbà tí Bíńtín tún pe mẹ́ta, ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n yọ, ó gbá a lọ́wọ́, pẹ́ńsù sì fò lọ sábẹ́ ẹ̀rọ. Bíńtín kò sunkún. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ títí.

"Ẹ̀yin lẹ sọ mí di ọlọ́gbọ́n," ló wí. "Ẹ̀yin náà lẹ tún ń nà mí pé n kò gbọ́n."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ẹ̀gbọ́n wọra. Ó pinnu pé òun á sọ fún Màmá. Nígbà tí Màmá dé, ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti wú nítorí ìdúró, ó sì ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin méjèèjì ló ń fún mi lókun o. Bí mo bá rántí iṣẹ́ Bíńtín, ó máa ń rọ̀ mí lọ́rùn." Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá gbé aṣọ tuntun náà wọlé, búlúù, ó ran léèsì funfun mọ́ ọrùn rẹ̀. Gbogbo ilé kan sáárá. Kí lọmọ èèyàn fẹ́ sọ níbẹ̀? Bó sọ ọ́, ó di ẹlẹ́tàn. Bí kò sọ ọ́, ó sún àbúrò rẹ̀ sínú ìtìjú. Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Ó kó àwo kúrò nílẹ̀, ó lọ fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ẹtì kò kúkú gbàgbé láti dé. Bàbá ti ṣọ́ọ̀bù pa, Màmá tọrọ àyè níbi iṣẹ́, wọ́n mú Ẹ̀gbọ́n dání, wọ́n lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orókún Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Àwọn òbí kún inú kíláàsì náà fọ́fọ́. Tíṣà kọ ọ́ sójú pátákó pé kí èèyàn mẹ́rin pín ọsàn méjìléláàádọ́ta, ó sì na ṣọ́ọ̀kì sí Bíńtín.

Bíńtín kọ ọ̀kan. Bàbá fìgbọ̀nwọ́ gún ẹni tó jókòó tì í. Bíńtín wo ọ̀kan tó ṣẹ́kù, ó wo méjì tó wà níwájú rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. Mẹ́ta. Mẹ́rin kò sì lè pín mẹ́ta. Ó dúró.

Wọ́n retí rẹ̀ títí. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Òmíràn ní, "Olórí tábìlì!"

"Ṣe é bó o ṣe máa ń ṣe é nílé!" ni Bàbá ké láti ibi tó jókòó sí.

Bíńtín bojú wẹ̀yìn, ó wo Ẹ̀gbọ́n. Lẹ́yìn náà ni ọmọ náà mú ṣọ́ọ̀kì kúrò lọ́wọ́ ọ̀tún, ó fi sí ọwọ́ òsì. Bó ṣe ń rí i tí wọ́n ń ṣe é nílé nìyẹn. Ó gbé ọwọ́ òsì náà sójú pátákó, kò sì sóhun tó kọ.

"Ọwọ́ òsì?" ni Bàbá wí. "Ìgbà wo ló di ọlọ́wọ́ òsì?"

Omi ti bo ojú Ẹ̀gbọ́n. Gbogbo kíláàsì ń rẹ́rìn-ín, ọmọ náà sì dúró síbẹ̀ nínú aṣọ búlúù, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbọ́n ní kó má mẹ́nu kàn án, kò sì mẹ́nu kàn án. Ẹ̀gbọ́n dìde.

"Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín mọ́," ló wí. "Èmi ni. Èmi ni mo ń ṣe é fún un. Ọwọ́ òsì mi ni."

Bàbá kò yíjú. Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu. Tíṣà lọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú Bíńtín, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó nu ojú ọmọ náà, ó sì bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìpariwo.

"Àṣé ohun tó ń run ún nínú nìyí. Mo ń wá ibi tí kò yé e kí n lè kọ́ ọ, ẹ̀yin sì ń bá mi bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo ohun tó ń ti ilé yín wá ló gún. Níbo ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀?"

Nígbà tí wọ́n délé, Bàbá jókòó ti ẹ̀rọ, kò ran nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀, ó ń dúró de ẹgba. Màmá ló kọ́kọ́ lanu.

"Ẹ̀gbọ́n, o purọ́, o sì fi àbúrò rẹ há sínú irọ́ ọ̀hún. Ìyẹn kò ṣeé bò." Ó yíjú. "Ṣùgbọ́n Bàbá Bíńtín, ẹ má bínú o. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yín, ó ti tó ọdún mẹ́ta. Ṣé ó lè ran etí ṣòkòtò kan láìjẹ́ pé ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?"

Bàbá fi ìka yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀rọ síwá sẹ́yìn.

"Nígbà tí ẹ̀yin ń kọ́ṣẹ́, orí kí ni wọ́n ti kọ́ yín lẹ́rọ?"

"Orí bébà," ni Bàbá wí. "Kò sí òwú lójú abẹ́rẹ́."

"Ṣé ìlà yín gún?"

Bàbá kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín sì fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ó wọ́ ju ìrù ajá lọ."

"Ṣé ọ̀gá yín gbà á lọ́wọ́ yín?"

"Rárá. Ó jókòó tì mí, ó ní kí n máa wà á lọ."

"Ẹ rí i bí? Iṣẹ́ àṣetiléwá kì í ṣe aṣọ oníbàárà. Bébà ìkọ́ṣẹ́ ni." Ohùn Màmá rọ̀. "Èmi náà jẹ̀bi. Bí mo bá dé, kí n má ṣáà rí pupa ni. N kò bi í rí pé, kí lo kọ́ lónìí, kí ni kò yé ọ."

Bàbá kò na Ẹ̀gbọ́n. Ìbá tiẹ̀ sàn kó nà án. Fún ọjọ́ mélòó kan, kò pè é, kò rán an níṣẹ́. Nílé ẹ̀kọ́, wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe olórí tábìlì. Àwọn ọmọ ń pe Bíńtín ní Ọlọ́wọ́ Òsì lójú pópó. Èyí tó sì dun Ẹ̀gbọ́n jù lọ ni pé, bó bá ti ń kọjá, Bíńtín á fi apá bo ìwé rẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà rí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bàbá ti aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí tábìlì. Ó kó páálí bọ́tìnnì márùn-ún sílẹ̀, mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n rán mọ́ páálí kọ̀ọ̀kan, ó fi ẹyọ méjì kún un. "Bíńtín, wá. Ọsàn méjìléláàádọ́ta rèé. Pín in fún èèyàn mẹ́rin."

Lẹ́yìn náà ó kó abẹ́rẹ́ oníkókó bíi mélòó kan, ó fi ètè há wọn bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó bá ń ká etí aṣọ. Kò sí aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kó má baà lè sọ̀rọ̀ ni.

Bíńtín pín páálí: ẹyọ kan síbí, ẹyọ kan sọ́hùn-ún. Ó ku páálí kan àti bọ́tìnnì méjì. "Ọ̀kan àti méjì," ló wí, "mẹ́ta." Ó dúró. Iṣan ọrùn Bàbá yọ. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n nínú igun tirẹ̀ bu ahọ́n jẹ. Wọ́n mọ̀ ọ́n, àwọn méjèèjì, wọn kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n kò tíì rí iṣẹ́ kankan tó nira tó dídákẹ́ yìí rí.

Bíńtín gbé páálí náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀kan," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mẹ́wàá ló wà níbẹ̀." Ó gbójú sókè. "Bàbá, ṣé kí n tú u?"

Bàbá mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, tagbára-tagbára tó fi jẹ́ pé abẹ́rẹ́ kan já bọ́.

Bíńtín tú u. Ó kà á. "Méjìlá! Ẹ̀gbọ́n, méjìlá ni lóòótọ́! Mẹ́ta mẹ́ta ló kàn wọ́n! Mẹ́tàlá ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan!"

Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn lọ́jọ́ náà, Bíńtín ṣì í. Bàbá rí i pé ó ṣì í. Ó mú rọ́bà, ó tún gbé e sílẹ̀. "Bí o ṣe rò ó nìyẹn?" ló bi í. Bíńtín ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó dáa. Gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Sọ fún Tíṣà pé ibẹ̀ ni kò tíì yé ọ." Nígbà tó kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, ó lọ bá ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀, ó fa àga tì í, ó gbé ṣòkòtò oníbàárà sí i lọ́wọ́, ó sì gbé ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á, bí ẹ bá bá ẹnìkan ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó fi kọ́ ara rẹ̀, ẹ kò ṣàánú rẹ̀, ẹ jà á lólè ni. Ẹ̀yin òbí tí ẹ bá wọn kà á, ẹ jókòó ti ọmọ yín, ẹ bi í léèrè, ẹ fi sùúrù dákẹ́, kí ẹ sì jẹ́ kó ṣì í níwájú yín. Bí Bíńtín ṣe gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká láàárọ̀ ọjọ́ kejì nìyẹn, tòun ti ìdáhùn tó ṣì. Iṣẹ́ wíwọ́ jáde nílé Télọ̀ lọ́jọ́ náà, Bàbá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń juwọ́ sí i.